Nọ́ọ̀tì Kẹta

Aago mẹ́rin ìdájí, a ti jáde ní Òkèsà.
Ìrì ṣì wà lórí páànù,
ajá Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ń gbó wa bí olè.
Bàbá mi di okùn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Òṣómàáló ni bàbá tirẹ̀, aṣọ ló tà dọ́jọ́ ikú;
irin ni òun gbà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi de nọ́ọ̀tì mọ́ bàálù lára,
kò wọ ọ̀kan rí.

Ní pápákọ̀ Àkúrẹ́, wọ́n ní kó tú bẹ́líìtì.
Ó tú u, ó tún ń bọ́ fìlà lé e.
Bàálù gbéra. Ètè rẹ̀ ń mì,
mo rò pé Sáàmù ló ń kà.
"Ìṣó apá rẹ̀ ni mò ń kà," ó ní.

Ilé tí wọ́n kó àwọn ògbólógbòó bàálù sí
tutù bí ìdí àmù.
Okùn pupa yí wọn ká:
MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
Bàbá rí ọ̀kan, ó dúró.
Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀
bí ẹni ń wo ibà lọ́rùn ọmọ.
Ẹ̀ṣọ́ pariwo.
Kò gbọ́. Tàbí ó gbọ́.

Kí alẹ́ tó jinlẹ̀, a ti padà sí Iléṣà.
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún:
"Bàbá Ọ̀ṣúnléye, báwo lòkè ọ̀hún ṣe rí?
Ẹ̀rù ò bà yín?"
Ó mu omi tán, ó fọwọ́ nu ẹnu.
"Nọ́ọ̀tì kẹta, lápá òsì.
Ó ti dẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́, mo bá a nídìí àpótí,
ó ń wá sípánà.