Búlúù Ni Mo Kọ

Àwọn ará Èkó gba gbọ̀ngàn kan l'Ókè-Fìà,
ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé.
Wọ́n ní ká wá bi àwọn ọmọ léèrè,
látorí ọmọ ọdún mẹ́tàlá dórí mọ́kàndínlógún:
kí lẹ fẹ́ràn? kí lẹ ń rà? ta ló ń fún yín lówó?
Ọmọ kọ̀ọ̀kan, bisikíìtì kan, káàdì igba náírà.
Èmi, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́,
ìdajì lọ́wọ́, ìdajì bí iṣẹ́ bá parí.

Mo ṣèèṣì rí ìwé ìnáwó lórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé:
mílíọ̀nù mọ́kànlá,
láti mọ àwọ̀ tí ọmọdé fẹ́ lára ìgò ohun mímu.
Mo ka àwọn òdo náà bí ẹni ń ka ẹyin lábẹ́ adìẹ.
Nílé ìwé tí mo ti jáde n'Ígbọ̀nà,
òjò ṣì ń bá àwọn ọmọ jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú.

Ọjọ́ kẹta ni Mùtíátù wọlé,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, híjáàbù funfun,
èékánná dúdú bí ẹni fọwọ́ họ òru.
Aró ni. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣì ń paṣọ láró n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun.

Mo bi í: "Èló lò ń ná lọ́sẹ̀?"
Ó ní, "Ti ẹnu mi, àbí ti ilé?"
Mo ní ti ẹnu rẹ.
"Àádọ́ta náírà lọ́jọ́ Jímọ̀, fún gúgúrú.
Èyí tó kù, iyọ̀ ni. Iyọ̀, àti sódà tí a ń pò mọ́ aró."
Kò sí àpótí iyọ̀ nínú fọ́ọ̀mù.
Mo pe ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Kọ ọ́ síbi Òmíràn."
Òmíràn!
Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ di òmíràn lójú mi kòrókòró.

Ó wá kan àwọ̀.
Pupa, yẹ́lò, gíríìnì, búlúù: fa igi sí ọ̀kan.
Mùtíátù ní, "Búlúù wo?"
Mo ní búlúù ni búlúù.
Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò
tó ní iṣu kan náà ni gbogbo iṣu.
"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí a rì lẹ́ẹ̀kan tí a yọ,
tó dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò àárọ̀, àyìnrín nìyẹn.
Èyí tó sun ìkòkò mọ́jú wà.
Èyí tí a rì lẹ́ẹ̀meje wà,
títí tó fi ń pọ́n létí bí ìyẹ́ ẹyẹ,
tí ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó lówó rẹ̀ mọ́.
Èwo ni kí n mú?"
Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù,
mo kọ ọ́ yí etí ìwé ká títí bírò fi ń fa á ya.
Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń pòṣé.
Níwájú fọ́ọ̀mù, búlúù ni mo kọ.

Àwọn ará Èkó kó lọ. Ìdajì owó mi bá wọn lọ,
ó ṣì wà lọ́nà bí mo ti ń wí yìí.

Ó pé oṣù méje, ìgò náà dé.
Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sókè l'Ọ́lá-Ìyá,
ọmọ kan ń fò, eyín rẹ̀ funfun ju ti gbogbo àdúgbò lọ:
ÀWỌ̀ ÌGBÀ Ọ̀DỌ́.
Àyìnrín ni.
Ẹnì kan ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù mi.

Mo bá Mùtíátù ní ṣọ́ọ̀bù Àlháájì Lúkúmánù,
ó di ìgò kan mú, ó ń yí i síbi ìmọ́lẹ̀.
Irínwó náírà. Mo mọ ohun tó wà lápò rẹ̀,
èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo fẹ́ sọ pé, "Tìrẹ nìyẹn, ìwọ lo sọ ọ́."
Ó fi ìka dúdú ta ìgò náà, kó.
"Wọ́n tètè yọ ọ́," ó ní,
ó dá a padà sórí pákó,
ó ra iyọ̀.