Ẹ̀kán Mélòó Láàárín Ìṣẹ́jú Kan

Ọsàn ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa gún.
Ìyáàfin Ostrowski ní ká dì í mú jẹ́jẹ́
bí apá ọmọ tó ń bẹ̀rù.
Ọwọ́ mi yìí, tó fi ogún ọdún di sítíárìn tírélà mú
lórí yìnyín, láti Duluth dé ẹnubodè Kánádà,
ó gún ọsàn náà já, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lórí tábìlì.
Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Èmi ti ní ọmọ-ọmọ.
Mo bó ọsàn náà jẹ nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn;
omi iyọ̀ ló ń tú jáde.

Ère rọ́bà kan wà ní yàrá ìdánrawò,
Herbert là ń pè é.
Herbert máa ń kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
á jí kó tó di Ọjọ́rú.
À ń tẹ̀ ẹ́ láyà lọ́gbọ̀n ìgbà, ká tó fún un ní èémí méjì.
Kì í bínú sí ẹni tó bá ṣì í ṣe.

Ìṣirò ló fẹ́ pa mí.
Bí dókítà bá ní kí ẹgbẹ̀rún mílílítà wọlé ní wákàtí mẹ́jọ,
bí ẹ̀kán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá para pọ̀ di mílílítà kan,
ẹ̀kán mélòó ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú?
Mo bi ọkọ mi, ó ń hanrun.
Mo bi adágún ńlá ẹ̀yìn ilé; adágún ti dì gbagidi.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kùnà ìdánwò náà.
Ìgbà kan ṣoṣo ló kù.

Nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí wọ́ọ̀dù,
orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹtàlá ni Toivo Lahtinen,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Àyà mi já kí n tó rí ojú rẹ̀.
Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò ní girama,
òun ló fi báírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé mi pé
*Ọmọ yìí àti nọ́ńbà kì í ṣọ̀rẹ́.*
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé e kiri bí òkúta inú bàtà.

Kò mọ̀ mí. Kò mọ ọjọ́.
Ó ń pe fèrèsé ní ọkọ̀ ojú omi.
Mo pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo wẹ̀ ẹ́:
ojú lákọ̀ọ́kọ́, láìlo ọṣẹ,
láti ẹ̀bá imú lọ sí ẹ̀bá etí, bí ìwé ṣe wí.
Apá. Abẹ́ apá. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Ìwé ò sọ fún mi pé awọ àgbà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.
Ibi tí mi ò tíì fọ̀, mo fi aṣọ bò ó;
ọmọ kì í wo ìhòòhò ẹni tó kọ́ ọ níwèé.

Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè wo dírípù,
mo ń kà á, ohùn mi ń jáde láìfura:
méjìdínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n…
"O fo ọ̀kan," ni wọ́n wí.
Ojú wọn wà ní pípadé.
"Padà sẹ́yìn. Nọ́ńbà kì í sáré. Ìwọ lò ń sáré."

Mo padà. A jọ kà á,
wọ́n ń fi ìka kan lu etí bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo ìgbà tó bá kán.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
"Ó pé," ni wọ́n wí. "Ta ni ọ́?"
Mo fẹ́ ní nọ́ọ̀sì ni mí. Ìwé àṣẹ ò tíì sí lọ́wọ́ mi.
"Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, sà."
Wọ́n ti tún ń wo ọkọ̀ ojú omi wọn.

Ìyáàfin Ostrowski máa ń sọ ọ́:
ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò ṣe é.
Mo kọ ọ́.
*Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ti wẹ aláìsàn.
Kò sí egbò lára. Dírípù: ẹ̀kán mọ́kànlélọ́gbọ̀n.*
Kò sí àyè fún ìyókù lórí fọ́ọ̀mù náà.
Báírò dúdú ni mo lò.
Wọn kì í gba pupa níbẹ̀.