Ìbéèrè Tí Mo Fagi Lé

Èmi ni wọ́n fún ní bírò pupa
ní yàrá òkè, lórí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní Àsérò.
Ní gbogbo Sátidé, kí jẹnẹrétọ̀ tó bú,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti ju ìbéèrè sínú agolo mílíìkì,
èmi á dà á sórí tábìlì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà:
èyí tó kan kóòdù, ọ̀tún;
òkúta, òsì.

Ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ kékeré ni?
Ẹnìkan bèèrè bí a ṣe ń pa ajá tó ń gbó lóru lẹ́nu mọ́.
Ẹnìkan ní fóònù òun bọ́ sódò Ògùn ní Láfẹ́ńwá,
ṣé ìrẹsì gbígbẹ lè fa omi odò?
Gbólúgbadé fẹ́ mọ iye tí físà Kánádà ń jẹ.
Ìyá kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ fi lẹ́ta gàgàrà kọ ọ́ pé:
“Olùkọ́, ọmọ yìí kì í jẹun mọ́. Ṣé kọ̀ǹpútà ni?”
Mo fagi lé e. Mo fagi lé gbogbo wọn.
Mo kọ ọ́ sétí ìwé: Kì í ṣe ibí.

Kì í ṣe pé mo burú.
Ọ̀gbẹ́ni Láníyọ̀nú tó ni yàrá ló sọ ọ́:
epo wa kò ju ti wákàtí méjì lọ,
ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ajá lo iná, iná ẹlòmíràn ló jí.
Òótọ́ ni.
Àmọ́ kí n má purọ́, bírò náà ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́
bí kọ́ndọ́ ṣe ń dùn mọ́ wọ́dà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
àpáta ẹ̀yìn fèrèsé funfun bí ohun tí wọ́n fi eérú pa lára.
Mo tú ìwé kan tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin:
“Kí ló dé tó fi ń kú
tó bá ti dé orí orúkọ bàbá mi?”

Mo mí kanlẹ̀.
Àánú ọmọ náà ṣe mí, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ kì í ṣe kóòdù.
Mo fagi lé e jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ojú òkú dé.
Kì í ṣe ibí.

Fẹ̀yìntọ́lá kò sunkún. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ,
ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí etí kan ti já síwájú mi.
Orúkọ àwọn ará àdúgbò ló ń tò, fún owó omi.
Adéoyè, ó kọjá. Bánkólé, ó kọjá.
Jìnádù, Kúforíjì, wọ́n kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.
Lẹ́yìn náà:
?ónúgà
ó sì dákẹ́, kò mira mọ́.

“Bàbá mi ò kú, sà. Wọ́n ń ta páànù ní Ìtòkú.
Ṣ ni ẹ̀rọ ò mọ̀.”

Àmì bíńtín abẹ́ lẹ́ta,
tí tíṣà fi pàṣán kọ́ wa ká má gbàgbé,
ẹ̀rọ kò rí i rí láyé rẹ̀.
Ó gé orí orúkọ náà, ó fi àmì ìbéèrè rọ́pò.
Ẹ̀rọ pàápàá bèèrè.
Èmi Ṣówùnmí,
tí orí tèmi náà ì bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀,
èmi ni mi ò bèèrè.

Epo ti tán. Ìwọ̀nba bátìrì tó kù la fi wá a rí.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀, mo tún agolo yẹn tú.
Ajá ṣì ni ajá. Físà ṣì ni físà.
Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í jẹun mọ́ yẹn,
mo mú un dání dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn,
mi ò tíì mọ ọwọ́ tí màá fi í sí.