Ìṣó Wíwọ́ Kan

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún,
ọjọ́ tí ìyá mi kì í yá ẹnikẹ́ni lówó.
Ó ní, "Enid, ṣé òní náà ni wọ́n fẹ́ gbé e fò?"
Mo ní òní ni. Ó fọwọ́ kan tábìlì onígi,
ó bu iyọ̀ díẹ̀, ó dà á sẹ́yìn èjìká òsì.
Irin kò ka kàlẹ́ńdà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí.
Èmi àti Marjorie Threlfall la jọ ń kan ìṣó:
òun á wà nínú ìyẹ́, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́,
èmi á wà níta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n mí dé eyín.
A kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Ojú la fi ń sọ̀rọ̀.
Ìṣó kan wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.
Fọ́ọ̀mánì yọ ọ́, ó ní, "Tún un kàn.
Ẹni tó máa gbé e lọ sókè níyàwó nílé."
Mo tún un kàn. Èyí tó wọ́ ni mo sọ sápò.

Gbogbo wa la tú jáde tòwúrọ̀ náà, ọwọ́ wa ṣì ní òróró,
a dúró létí pápá níbi tí atẹ́gùn odò Ribble ti ń fẹ́.
Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ aró.
Ó sáré. Ilẹ̀ ò fẹ́ fi í sílẹ̀.
Ó sáré, ó sáré, àfi bí mo ṣe rí ìmọ́lẹ̀
láàárín táyà àti koríko,
ìlà tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́.
Mo fẹ́ràn ìlà yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.
Ọlọ́run dárí jì mí. Harold náà mọ̀.

Ẹyẹ aláró,
ẹyẹ tó ń yé iná dípò ẹyin,
ìwọ tó kọjá tán kí etí tó rántí láti gbọ́,
a ò bi ọ́ léèrè ibi tí ò ń lọ.
Ẹni tó ń rán àpò, ṣé ó ń bi àpò ní ohun tí wọ́n máa kó sí i?
Síbẹ̀ mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní Bootle
nígbà tí àdúgbò wa di erùpẹ̀ lóru ọjọ́ kan,
tí wọ́n wú àbúrò mi Clifford jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ò sí.
Mo mọ ohun tó ń wà níkùn irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.
Mo ṣì kan ìṣó. Owó ọ̀sẹ̀ dáa.
Mo sì fẹ́ràn rẹ̀.
Ẹ má ní kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Lónìí ó pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin.
Wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì mí wọ músíọ̀mù,
wọ́n lẹ ìwé orúkọ mọ́ mi láyà, wọ́n ṣì í kọ.
Marjorie kò sí mọ́.
Àwọn ọkùnrin tó mọ gbogbo nọ́ńbà ń ka nọ́ńbà.
Wọ́n ṣe kéèkì ní àwòrán rẹ̀; ẹnì kan ti jẹ ìrù.
Èyí tó dúró síbí kì í ṣe àkọ́bí, àbúrò rẹ̀ ni,
táyà rẹ̀ ti rọ̀, ológoṣẹ́ ti kó koríko sẹ́nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó tutù.

Ọmọdébìnrin kan wá dúró tì mí,
ó ní, "Ṣé ó pa èèyàn rí?"
Etí mi ti kú sínú ariwo ìṣó láti ọjọ́ pípẹ́;
ó lè jẹ́ "ó" ló wí, ó lè jẹ́ "o."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."
Ìyá rẹ̀ fà á lọ síbi kéèkì.

Mo mú ìṣó wíwọ́ náà wá nínú agolo bọ́tìnì,
mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sínú gíláàsì, kí wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.
Ó wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi ń paná.
Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo dá a padà sápò.