Èèpo Ọta

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Òjé nígbà tí Ọdẹ́yalé dé.
Ìró ìyàwó rẹ̀ ló fi wé ìbọn,
bí ẹni gbé ọmọ olóde lọ sí Adéọ̀yọ́.
"Láníhún, ó ti há."
Ọ̀gá mi ń rin orín lọ́wọ́.
Ó tutọ́, ó ní, "Ta ló wà nínú ẹ̀?"
Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn,
bí ẹni pé ilé ni ìbọn.

Ráífù àtijọ́ ni. Igi ìdí rẹ̀ ti sán,
wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi dì í.
Òun ni Ọdẹ́yalé fi ń ṣọ́ pákó ní Bódìjà.
Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan lóru àná,
èèpo ọta já sí méjì:
ìdí jáde, ọrùn kọ̀.
Ọta kejì kanlẹ̀kùn títí, kò ráyè wọlé.

Ọ̀gá mi ti ìka bọ inú ihò, ó wò ó,
ó tún wò ó.
Ó lé gbogbo wa kúrò níwájú ẹnu ìbọn,
títí kan adìyẹ.
"Èyí tí wọ́n ní ó ṣófo ló ń pa ọmọ alágbẹ̀dẹ."
Mo mọ ọmọ tó ń wí.
Fọ́tò rẹ̀ ń bẹ lára ògiri, lókè ẹwìrì,
èéfín ti jẹ ẹ́ dé àgbọ̀n.

Mo kán kẹrosíìnì sí i. A jókòó.
A mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ló wá irin tó fi ń la ojú nọ́ọ̀tì,
èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ ọwọ́,
ó yí i wọ inú èèpo náà, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.
"Kó gbá a mú ni o. Kó má họ ara ilé."
Ó ki ọ̀pá gba ẹnu ìbọn wọlé,
ó fi òòlù onígi kàn án:
kò. Kò.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ló já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
bí eyín ọmọdé tí à bá jù sórí òrùlé.

Ọdẹ́yalé na ọwọ́ sí ìbọn. Ọ̀gá mi ò tú u sílẹ̀.
"Kí lo yìn ín sí?"
"Òjìji kan. Ó gbé pákó lérí."
"Ó ṣubú?"
"Pákó ló ṣubú. Mo gbọ́ ìró pákó."
"O lọ wò ó?"
"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò."

Ọ̀gá mi wo ojú ọ̀run. Èmi náà wò ó.
Oòrùn ti dé orí páànù àwọn ará iwájú.
"Ó ti mọ́ báyìí. Lọ wò ó, kí o tó wá gbà á."

Ó gba Géètì lọ pẹ̀lú ìró lásán léjìká.
Ọ̀gá mi gbé ìbọn kọ́ sábẹ́ fọ́tò.
Èèpo náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, róbótó, ó ń dán.
Mo fi wọ ìka kékeré mi wò.
Ó há.
Kẹrosíìnì ṣì kù díẹ̀ nínú agolo.