Ìlà Òjò Tó Wọ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń rọ òjò.
Ọ̀gá Kuwabara ló ń ya ojú,
ojú Chigusa, ọmọbìnrin tí ń tún agbòjò ṣe,
tó ń rìn láti ìlú dé ìlú
pẹ̀lú òòlù kékeré àti ìdì ọparun.
Èmi, Shigemi, òjò ni tèmi:
òjò, òrùlé, wáyà iná,
omi tó dá rogún lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má rò pé kékeré niṣẹ́ ọ̀hún.
Winniwinni yàtọ̀ sí ọ̀wààrà.
Òjò tí ń ti orí òkun bọ̀ ní Kanazawa, ìlú mi,
níbi tí wọ́n ti ń wí fún ọmọ pé
bó o gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán, má gbàgbé agbòjò,
kì í bọ́ tààrà.
Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá,
bí onígbèsè tí kò fẹ́ gba iwájú ilé olówó kọjá.

Rúlà, gègé, tàdáwà.
Ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí ọrùn ọwọ́ mi fi le bí ẹja gbígbẹ.
Ẹni eji rí leji ń pa,
ṣùgbọ́n eji tèmi ń gba àṣẹ:
bí ọ̀gá bá ní kó má kan irun Chigusa,
kò gbọdọ̀ kàn án.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, yìnyín bo fèrèsé,
ìyá mi pè.
Bàbá ti lọ.
Ojú ewé mẹ́rìnlá ló kù nílẹ̀,
aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o láti ilé ìtẹ̀wé.
N kò sunkún. Mo ń rọ òjò.
Ìlà kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọ́
bí ìka arúgbó.
Mo nawọ́ sí ọ̀dà funfun kí n pa á rẹ́.
Mo dá ọwọ́ náà padà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òjò mi kan
tí ìlà wíwọ́ kan kì í sí níbẹ̀.
Ọ̀gá ò rí i.
Àwọn tí ń ka maǹgá wa lórí ìdúró nínú rélùwéè,
tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ṣí i, wọn ò rí i.
Ta ní ń ka òjò?

Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà di aníme,
Chigusa ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń sín,
òjò rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì.
Kọ̀m̀pútà ló rọ̀ ọ́. Ó tọ́ ṣanṣan.
Mo pa telifíṣọ̀n, mo lọ fọ abọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni géèmù dé.
Honami, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
gbé e wá sílé mi nígbà ọlidé.
Ó ti ṣẹ́gun ejò olórí mẹ́ta, ó ti gba bàtà tí ń fò,
ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ Ọba Ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò.
Ló bá ṣàdédé dúró.
Ó gbé Chigusa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tófù kan tó ti ilẹ̀kùn.
"Àǹtí, ẹ wò ó. Òjò yìí ń gba ẹ̀gbẹ́ wá."

Mo súnmọ́ ọn, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà.
Mo ń kà. Mo ń kà.
"Kí lẹ ń wá?"
Nítòsí kọ̀rọ̀ òrùlé, lápá òsì,
ọ̀kan wọ́.
Ó bọ́, ó pòórá, ó tún bọ́.

Ẹnìkan tí n kò mọ̀,
nínú yàrá kan tí n kò wọ̀ rí,
ti jókòó ti òjò mi, ó kà á,
kò pè é ní àṣìṣe.

"Má tíì lọ," mo wí fún Honami.
Ó wo ojú mi,
ó rọra gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì.
Tíì wa tutù. Ọba Ẹrẹ̀ ń retí.
Àwa méjèèjì jókòó,
a ń wo òjò.