Ojú Mẹ́rin ní Òkè-Ayépé

Wọ́n jí pọ́ńpù omi mi gbé nínú oṣù Ọ̀pẹ,
Oyèwùmí bá fowó ránṣẹ́ láti ìlú òtútù:
ẹ ra kámẹ́rà. Mo ra mẹ́rin.
Ọ̀kan ń wo géètì, ọ̀kan ń wo títì,
ọ̀kan ń wo bárándà tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà,
ẹ̀kẹrin ń wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga wà.

Mo rò pé ó parí. Múfútàú tó wá láti Alékúwodò ní rárá:
"Ojú nìkan lẹ rà, Ìyá Tíṣà. Ẹ ò tíì ra ọpọlọ."
Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan,
ó ní kí n yan ètò tí yóò máa tọ́jú ohun tí ojú bá rí.

Àkọ́kọ́ ń gba owó oṣù, dọ́là ni.
A máa kó àwòrán ilé mi ní Òṣogbo lọ.
Mo ní síbo? Ó ní sínú àwọsánmà.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì,
mo mọ iṣẹ́ àwọsánmà: rírọ̀ ni.
Alákàn kì í sanwó oṣù lórí ojú tó fi ń ṣọ́rí.

Ìkejì, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n aláròyé.
Òru kan péré tí a fi dán an wò,
ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rin ni fóònù mi ké:
Ọmọńlé. Ọmọńlé. Ewé ìbẹ́pẹ. Ọmọńlé.
Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọmọ ilé,
òun ló ń pariwo olè lé lórí.

Ìkẹta gbọ́n. Ó ń dá ojú ènìyàn mọ̀.
Ó ya Múfútàú, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Àjèjì.
Ó ya èmi náà, láìwé gèlè, láìfi eyín sẹ́nu: Àjèjì.
Múfútàú ní kí n tẹ orúkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́,
mo fi àmì ohùn sí i. Ètò náà kọ àmì ohùn.

"Ẹ wo èyí." Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yìnkùlé.
Ẹnìkan gun fẹ́ǹsì wọlé. Kékeré ni. Kẹ́ẹ̀gì méjì.
Ó rọra ń sọ ike ìfami sísàlẹ̀, kó má kan ògiri kànga,
kí n má baà jí.
Ó ká okùn padà bí mo ṣe ń ká a gẹ́lẹ́.
Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó bojú wẹ̀yìn:
Àrìnpé, ọmọ Bàbá Ọ̀ṣúnníyì,
tí kànga wọn ti gbẹ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́,
tí èmi àti bàbá rẹ̀ kò kí ara wa
nítorí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Àjèjì.
Àpótí funfun kan là, ó ń bi mí:
ṣé kí n kéde?

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Ìyá Tíṣà?"
Mo ní kó fi ìkejì sí i, aláròyé un,
kó dín etí rẹ̀ kù, kí ọmọńlé ráyè sùn.
Ó ní mo tún lè fi dúdú bo ibi tí n kò bá fẹ́ kó rí.
Mo nàka sí kànga.
Ó fà á, onígun mẹ́rin,
bíi pátákó kí ọmọ tó dé kíláàsì.
Ó ní, "Ibẹ̀ mà ni pọ́ńpù wà tẹ́lẹ̀."
Mo ní mo mọ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo tú okùn kànga tó ti fẹ́ẹ́ já.
Mo so tuntun.